Òkúta Kẹta

Láyé ìgbà tí àwọn ará Ìbúsọ̀ àti àwọn ará Orí-Iyanrìn ṣì jọ ń jẹun lórí ọ̀sà kan náà, ọkùnrin kan wà ní Ìbúsọ̀ tí ń jẹ́ Akínfẹ́nwá. Ọ̀gá awakọ̀ ni. Apá rẹ̀ le, àyà rẹ̀ gbòòrò, bí ó bá sì ti ń ki àjẹ̀ bọ omi, àwọn ọmọge etí omi a máa gbàgbé aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Òun náà kò ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti yìn ín, kì í pẹ́ kí ó tó rán olúwa rẹ̀ létí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà kì í ṣe eré lásán láàárín ìlú méjèèjì. Ibú kan wà lójú ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Ibú Àrọ̀, ibẹ̀ ni ẹja pọ̀ sí jù. Ìjà ibú yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn baba ńlá wọn run kí wọ́n tó fìmọ̀ ṣọ̀kan pé eré ọkọ̀ ni àwọn yóò máa fi yanjú rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ọkọ̀ kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan, yóò gbéra ní etí omi Ìbúsọ̀, yóò lọ sí erékùṣù kékeré kan ní òdìkejì, yóò sì padà. Ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ padà dé ni yóò máa dẹ Ibú Àrọ̀ títí di àmọ́dún. Ìlú kejì yóò máa wá ẹja kiri inú ẹrọ̀fọ̀.

Àwọn baba ńlá náà so àṣà méjì mọ́ ọn. Èkíní, ọkọ̀ tí àwọn fúnra wọn gbẹ́ ni kí wọ́n máa fi sáré, wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ tuntun. Ọkọ̀ arúgbó ni wọ́n, wọ́n sì ń jò bí ajere. Èkejì, bí wọ́n bá dé erékùṣù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáná, kí wọ́n se ọbẹ̀ ẹja, kí wọ́n sì bu fún Ìyá Erékùṣù, ìyá arúgbó tí ń gbé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìyá náà kò bá tíì tọ́ ọbẹ̀ wọn wò kò gbọdọ̀ padà. Wọ́n ní nítorí kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń bá kiri. Iyanrìn ni erékùṣù náà látòkè délẹ̀, kò sí òkúta níbẹ̀, nítorí náà olúkúlùkù ní í gbé ìkòkò, igi ìdáná àti òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀ láti ilé.

Akínfẹ́nwá ló ń wakọ̀ níwájú fún Ìbúsọ̀. Ọlátẹ́jú ló ń tukọ̀ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ mọ omi bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀. Láàárín wọn ni Sàlàkọ́ máa ń jókòó. Sàlàkọ́ kò ní àjẹ̀, igbá ló mú lọ́wọ́. Bí omi bá ti ń wọlé ni yóò máa gbọ́n ọn síta, bí ìgbì bá sì fẹ́ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ti fi ara tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì kí àwọn tó ń wakọ̀ tó mọ̀ pé ìgbì kan tilẹ̀ wà. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, òun ní í ru òkúta, òun ní í finá, òun ní í se ọbẹ̀, kí apá àwọn yòókù lè sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá borí, orin tí àwọn obìnrin fi ń pàdé wọn ni pé, “Akínfẹ́nwá níwájú, Ọlátẹ́jú lẹ́yìn, omi ọ̀sà ẹ yàgò fún wa.” Sàlàkọ́ náà á máa bá wọn gbè é, ohùn tirẹ̀ gan-an ní í sì máa ń ga jù.

Lọ́dún kan, Orí-Iyanrìn fi díẹ̀ báyìí ṣíwájú wọn. Ọdún náà korò. Kò sí ẹja tó jọ ẹja ní Ìbúsọ̀ mọ́, àfi wẹ́wẹ́ tí kò tó ohun tí à ń yọ egungun rẹ̀. Ọmọbìnrin Akínfẹ́nwá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ á máa fi ìka wá inú àwo kiri, á ní, “Ẹja dà?” Baba rẹ̀ á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó yá, Baálẹ̀ pe àwọn awakọ̀, ó ní bí Ibú Àrọ̀ kò bá padà sọ́wọ́ àwọn lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò kó ará ilé òun lọ sí òkè odò, ẹni tó bá wù ú kó tẹ̀lé òun. Gbogbo wọ́n mọ̀ pé bí Baálẹ̀ bá lọ, Ìbúsọ̀ ti tú nìyẹn.

Akínfẹ́nwá kò lè sùn dáadáa mọ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ibi tí èrò rẹ̀ sì já sí ni pé ẹni mẹ́ta wà nínú ọkọ̀, ẹni méjì péré ló ń ṣiṣẹ́. Bí àjẹ̀ bá di mẹ́ta, ta ni yóò bá wọn? Ó wo Bámgbàlà, géńdé kan tó ń fi apá kan gbé ohun tí ẹlòmíràn ń fi méjì gbé, ó sì rí i pé ọ̀nà ti là.

Ó bá Sàlàkọ́ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ dàgbà ni, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ wúwo.

“Ọ̀rẹ́ mi, àjẹ̀ kẹta la nílò lọ́dún yìí,” ni ó wí. “Ẹni mẹ́ta ni òfin sọ. Kò sọ pé kí ẹnì kan nínú wọn máa gbọ́n omi.”

Sàlàkọ́ so ojú àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó ní, “Bí ẹja bá ṣáà ti wọlé, kò burú. Ta ni yóò wá máa gbọ́n omi?”

“A ó sáré ju omi lọ.”

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dìde, ó mú igbá rẹ̀ wá, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Akínfẹ́nwá gba igbá, ó ń lọ sílé, ojú ń tì í, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú àánú.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ẹ̀bá ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí omi ti parọ́rọ́. Wọn á sáré lọ síwájú díẹ̀, wọn á padà, omi kò sì ní tíì ráyè wọlé. Ọkọ̀ náà ń fò. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Akínfẹ́nwá lọ́gbọ́n lórí. Ọlátẹ́jú nìkan ló ní kí àwọn gbìyànjú dé àárín ọ̀sà, ṣùgbọ́n wọn kò dá a lóhùn.

Ọjọ́ eré pé. Bí wọ́n ti ń kẹ́rù sínú ọkọ̀, Akínfẹ́nwá gbé òkúta ààrò kẹta, ó wò ó, ó sì gbé e padà sílẹ̀. Ó ní ìwúwo lásán ni, méjì ti tó, àwọn yóò fi igi ti ẹ̀gbẹ́ kẹta. Ó sọ igbá Sàlàkọ́ sábẹ́ ìjókòó inú ọkọ̀, wọ́n sì gbéra.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n wà níwájú. Etí omi ń hó fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rí kékeré lẹ́yìn wọn, Akínfẹ́nwá rí i pé omi ti bo ọrùn ẹsẹ̀ òun. Ó tẹra mọ́ àjẹ̀. Omi ń gòkè, ọkọ̀ ń wúwo. Ó kígbe sí Bámgbàlà pé kí ó mú igbá. Bámgbàlà mú un, ó sì ń gbọ́n omi tagbáratagbára, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ ń fì sápá kan, omi tó ń wọlé sì ń pọ̀ ju èyí tó ń dà nù lọ. Níbi tí wọ́n ti ń bá a yí ni ọkọ̀ Orí-Iyanrìn ti kọjá lára wọn. Bàbá apárí kan jókòó láàárín ọkọ̀ náà, ó ń gbọ́n omi jẹ́jẹ́. Gbogbo ọdún tí Akínfẹ́nwá ti ń bá wọn díje, ọjọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ rí bàbá yìí.

Agbára káká ni wọ́n fi dé erékùṣù. Ẹ̀rù ti ń ba Akínfẹ́nwá, nítorí àwọn Orí-Iyanrìn ti dáná, ọbẹ̀ wọn ti ń hó. Wọ́n sáré to òkúta méjì, wọ́n fi kùkùté igi kan tí omi gbé wá ti ẹ̀gbẹ́ kẹta, wọ́n gbé ìkòkò ka iná. Ọbẹ̀ ń ta sánsán, ọkàn Akínfẹ́nwá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Àṣé iná ti ń jẹ kùkùté lábẹ́. Bí kùkùté náà ti wó báyìí, ìkòkò fì, ó dojú dé, ẹja, ata àti epo sì dà sínú iyanrìn.

Ìyá Erékùṣù fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá, ó wo ìkòkò, ó wo òkúta méjèèjì.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, èwo nínú wọn ló ń gbé ìkòkò dúró?”

Ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń bèèrè ẹja ni Akínfẹ́nwá ń gbọ́ létí. Ó jókòó sínú iyanrìn, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

Ọlátẹ́jú ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀. Sàlàkọ́ ni, òun nìkan, ó ti làágùn bí ẹni tí òjò pa. Ó gúnlẹ̀, ó gbé òkúta ààrò kẹta jáde.

“Ẹ gbàgbé èyí sí etí omi,” ni ó wí.

“A kò gbàgbé rẹ̀,” Akínfẹ́nwá dáhùn. “Èmi ni mo gbé e sílẹ̀, bí mo ti gbé ìwọ náà sílẹ̀. Sàlàkọ́, mo ṣì í.”

Sàlàkọ́ wo ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó to òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fẹ́ iná, ó sì mú ẹja tó rí pa láàárọ̀ ọjọ́ náà láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Ata díẹ̀ àti iyọ̀ ṣì kù. Àwọn Orí-Iyanrìn ti bu ọbẹ̀ fún ìyá, wọ́n sì ti wọkọ̀ padà, kí ìkòkò Ìbúsọ̀ tó hó. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò nígbà tí ọ̀tá rẹ̀ ń lọ ni yóò mọ bí ó ṣe rí lára Akínfẹ́nwá.

Ìyá Erékùṣù tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó mi orí pé ó dára. Akínfẹ́nwá dọ̀bálẹ̀, ó bi í bóyá àwọn lè fi Sàlàkọ́ rọ́pò Bámgbàlà.

“Òfin ní kí ẹni mẹ́ta wá, kí ẹni mẹ́ta padà,” ni ìyá náà wí. “Kò dárúkọ ẹnì kankan.”

Bámgbàlà kò jẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó sì ti wọnú ọkọ̀ kékeré kí ọ̀rọ̀ tó tán.

Afẹ́fẹ́ ti dìde nígbà tí wọ́n ń padà, ìgbì ń ga, ó sì ti ń dá ọkọ̀ Orí-Iyanrìn dúró níwájú. Akínfẹ́nwá ki àjẹ̀ bọ omi, ó sì gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀: ṣàá, ṣàá, ṣàá. Igbá Sàlàkọ́ ni. Ó yà á lẹ́nu pé ohùn náà ni apá òun ti ń tẹ̀ lé láti ọdún yìí wá, tí òun rò pé agbára òun ni. Ọkọ̀ gbẹ, ó fúyẹ́, ó ń gun ìgbì láìfì. Díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ àwọn Orí-Iyanrìn. Nígbà tí igi etí omi Ìbúsọ̀ hàn, ọkọ̀ méjèèjì ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Orí ọkọ̀ Ìbúsọ̀ ló kọ́kọ́ kan iyanrìn, ohun tó fi ṣíwájú kò ju gígùn apá ènìyàn lọ.

Akínfẹ́nwá kò lè dìde. Ó dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, nítorí ẹrù tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Baálẹ̀ alára ń fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́ sómi, kò bìkítà. Àwọn obìnrin dá orin, “Akínfẹ́nwá níwájú, Ọlátẹ́jú lẹ́yìn.” Sàlàkọ́ sì ti ń bá wọn gbè é.

Akínfẹ́nwá na ọwọ́ sókè, orin dáwọ́ dúró. Ó gbé òkúta ààrò kẹta jáde, ó gbé e síwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ bi í pé, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló gba Ibú Àrọ̀ padà fún ìlú.

“Baba, mo ti fi méjì se ọbẹ̀, ó sì dà nù,” ni Akínfẹ́nwá wí. “Nígbà tí ẹlẹ́yìí dé ni ìkòkò tó dúró. Ẹ má ṣe bi mí léèrè èyí tó jù nínú wọn mọ́.”

Ó fa Sàlàkọ́ síwájú. Ojú ti Sàlàkọ́ débi pé ó fi igbá bo ojú, àwọn obìnrin sì tún orin náà kọ, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí àárín, níbi tó ti yẹ kí ó wà láti ọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọbìnrin Akínfẹ́nwá fi ìka wá inú àwo, ó bá ẹja, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.