Ògòǹgò Dọ̀bálẹ̀ Lábẹ́ Àjàrà

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já ewé àjàrà, ó bọ́ sọ́gbà Ògòǹgò, ọba ẹyẹ. Ògòǹgò lé Aláǹtakùn kúrò níbẹ̀, ó ní òwú rẹ̀ ń dọ̀tí ọgbà. Ó lé Alángbá, ó ní ó ń mi orí sí òun jù. Ó lé Ọ̀pọ̀lọ́, ó ní kò lẹ́wà. Ni ewé bá ń gbẹ. Ó wo orí ewé títí, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀lọ́ ń kọrin lẹ́yìn ọgbà, ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń jẹ àjàrà ọba?
— Bẹ̀rẹ̀ wò o!

Olorì ní, “Kábíyèsí, ẹ pe àwọn tí ẹ lé padà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n.”

Wọ́n dé. Ọba tí kì í dọ̀bálẹ̀ fẹ́nì kan nà gbalaja lábẹ́ àjàrà. Bó ṣe gbójú sókè, kòkòrò wínníwínní, pupa bí epo, kún abẹ́ ewé!

“Yéè! Ibí lẹ wà?”

Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín. “Ìdí oúnjẹ wa lẹ ti lé wa, Kábíyèsí.”

Ògòǹgò fi omi ọṣẹ fọ abẹ́ ewé, àwọn mẹ́ta jẹ ìyókù. Àjàrà so jìngbìnnì. Àtìgbà náà ni ọrùn Ògòǹgò ti ń wálẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ yí ewé wò.