Ẹ̀gẹ́ Tí A Kò Rẹ Kí A Tó Sá A

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí wọ́n ti ń ṣe láfún. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀ sì ni àgbà àwọn obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta ẹ̀yìn ìlú. Kò sí ohun tó ń ṣe alàgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ta sì ni yóò mọ̀ ju òun lọ?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́ dé sí ìlú. Alàgbà ló kọ́kọ́ na apá, kí àwọn ọmọ ìjọ lè rí àpẹẹrẹ. Wọ́n rí apá. Èsì ni wọn kò rí. Dókítà, obìnrin tí kò ju àbígbẹ̀yìn alàgbà lọ, pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, tí onílé kì í mọ̀ títí òrùlé yóò fi wọlẹ̀. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ó ní kó máa yá oòrùn àárọ̀ pẹ̀lú, nítorí fítámínì D tí oòrùn ń mú wá sí ara ti dín kù lára rẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ara sì nílò rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì o, bàbá. Ẹ wo láfún. Omi tí a fi rẹ ẹ̀gẹ́ ló ń yọ oró rẹ̀. Oòrùn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Oògùn yìí ni omi. Kí ẹ sì mú ìyá wá, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà wò, torí àrùn yìí máa ń gba orí ibùsùn kọjá."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Oòrùn ló gbọ́.

Oògùn ni ọ̀ràn. Ẹni tó bá ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ìjọ á ti bá a wá àrùn kó tó mu omi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi oòrùn yíyá bú àgbàlagbà? Alàgbà kó oògùn sábẹ́ agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ nínú àpótí, ó gbé àga lọ sórí àpáta.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá!" ni àwọn obìnrin ń wí. "Ṣé ẹ fẹ́ di láfún ni? Ẹ tètè yí ẹ̀yìn padà o, kí ìhà kan má bàa bu!"

Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara rẹ̀ ń dán. Ó jẹ́rìí oòrùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi orin gbè é.

Ní ti ìyàwó tí dókítà ní kó mú wá, alàgbà kò gbàgbé. Ó gbé àga kejì wá fún un sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Obìnrin náà, tí ọkọ rẹ̀ kò bá a tẹ orí àpáta rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, tún gèlè rẹ̀ wé kó tó jókòó.

"Bàbá Fẹ́hìntọ́lá, ìfẹ́ àgbà rèé?"

Alàgbà yíjú sí oòrùn. "Jókòó. Ó dára fún ara."

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá. Ojú alàgbà pọ́n bí epo, ikùn rẹ̀ wú. Dókítà kan náà ni wọ́n gbé e lọ bá. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé oògùn ńkọ́. Alàgbà ní ó wà lábẹ́ agbádá nínú àpótí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wò, àrùn náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n jọ ń jókòó náà ló wọlé.

Obìnrin náà délé, ó ṣí àpótí, ó gbé agbádá kúrò lórí oògùn. Ó tún agbádá náà ká dáadáa. Ó wá dúró lẹ́bàá ibùsùn ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fẹ́hìntọ́lá, láfún la jẹ dàgbà, àtẹ̀yin àtèmi. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ lẹ gbé sá. Ẹ tún gbé mi sá tì í."

Alàgbà wá ẹsẹ Bíbélì kan tó bá a mu. Kò rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, alàgbà ń wo ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé. Obìnrin náà gbé oògùn tirẹ̀ mì, ó mu omi, ó sì gbé àga lọ sórí àpáta. Àga kan ṣoṣo ni.

Ìwọ tí o ti ń mi orí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ, ìlàjì wo lo gbé síta fún aráyé, èwo lo fi sábẹ́ agbádá? Má dá mi lóhùn. Ẹni tí o gbé àga fún ni kí o lọ dá lóhùn.