Kọ̀ǹkọ̀ àti Àlejò Tí Kò Fẹ́ Ká Ka Òun

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó já sódò, ó bà lé Kọ̀ǹkọ̀ lórí. Kọ̀ǹkọ̀ yìí, baba gbogbo ọ̀pọ̀lọ́, ó tóbi, ẹ̀yin ọmọ! Bó bá jókòó, ẹ ó rò pé ilé alájà méjì ni. Àwọn ọdẹ ti pa ìran rẹ̀ tán. Òun àti Àṣẹ́kù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kù láyé.

Lọ́jọ́ kan, Tíntín dé, nǹkan aláwọ̀ ewé tí kò tó orí abẹ́rẹ́.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí sódò yín."

Kọ̀ǹkọ̀ rẹ́rìn-ín títí igi mẹ́ta fi wó. "Ìwọ yìí? Máa gbébẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, etí odò ti di àwọ̀ ewé.

"Tíntín, ẹ̀yin mélòó ni?"

"Háà, Baba! Ṣé wọ́n ń ka ọmọ fọ́lọ́mọ ni?"

Ojú ti Kọ̀ǹkọ̀. Kò kà wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹta, odò ki bí ọbẹ̀ ilá, ó ń rùn. Àyà Kọ̀ǹkọ̀ já, ló bá ń forin pe ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Àṣẹ́kù, jáde wá o,
*Tẹ̀rẹ̀ jáńmi!*
Ọ̀kan péré ni mo bí o,
*Tẹ̀rẹ̀ jáńmi!*

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ omi: "Baba, mo ń bọ̀!"

Ó tún kọ ọ́. Ohùn náà ti rẹlẹ̀: "Baba, mi ò lè mí..."

Mojírayọ̀, má sá wọlé, mi ò tíì parí!

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn tíntín ló dáhùn:

"Baba, ẹ wá kà wá báyìí."

Bí mo bá parọ́, kí omi ìkòkò mi di àwọ̀ ewé lọ́la.