Ẹbọ Tí Àwẹ̀ró Rú Kó Tó Rin Ìrìn Àjò Àbíjàn

Ojú Bùsúyì ló kọ́kọ́ di ẹkún fún Àwẹ̀ró, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Ọmọ oṣù méje ni Bùsúyì, ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì sì bò ní funfun bí ẹni da omi ẹ̀kọ sí i. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìlagi ní Àbíjàn, ti rí dókítà ojú kan níbẹ̀. Dókítà náà ní òun lè ṣí i, ó sì dá ọjọ́. Ó ní bí ọjọ́ náà bá yẹ̀, tí ọmọ bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú náà lè má mọ bí a ṣe ń ríran mọ́ láéláé.

Àwẹ̀ró ta aṣọ òfì rẹ̀, ó ta iyùn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Owó ìṣègùn pé. Ìwé ìrìnnà méjèèjì náà jáde, tirẹ̀ àti ti ọmọ. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ wá pé sí i lọ́wọ́ tán gan-an ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní Ẹ̀jìgbò tí wọ́n ń gbé, kò sí agbo ilé tí wọn kì í rìn dé Àbíjàn, kò sì sí agbo ilé tí wọn kò ti ní ìtàn ẹni tí gbéwiri tú lápò lójú ọ̀nà. Nínú ilé tó kángun sí tiwọn, obìnrin kan wà tó lọ, tó sì padà wálé lọ́jọ́ kẹjọ, láìsí owó, láìsí ìwé, láìdé ibi tó ń lọ. Àwẹ̀ró a gbé owó sábẹ́ ìrọ̀rí, a tún gbé e kúrò. A kó ìwé sínú ìkòkò, a tún sáré lọ wò ó. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́, wàrà ọmú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó pọn ọmọ, ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ, olórìṣà Ọ̀ṣun tó máa ń da ẹyọ owó mẹ́rìndínlógún fún àwọn ará àdúgbò. Láòyè, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá a lọ, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fẹ́ rìn. Iṣẹ́ ń dúró de Láòyè níbi ìlagi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, Àwẹ̀ró kì í pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Akọ̀wé ló ń pè é.

Ìyá da ẹyọ sórí àtẹ. Méje ṣíjú. Ó wò ó pẹ́.

"Òdí nìyí. Ìwọ ìyá ọmọ, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ìyá, ọwọ́ ni. Ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí."

"Àti ọwọ́ tìrẹ."

"Ọwọ́ tèmi kẹ̀, Ìyá?"

"Látìgbà tó o ti jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lo ti fọwọ́ kan ìbàdí rẹ lọ́tùn-ún. Mi ò tíì bi ọ́ léèrè ibi tí owó wà, o ti fi hàn mí."

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó ká ọwọ́ náà sórí itan, ó sì ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni. Nígbà náà ni Ìyá gbóhùn sókè, ó ń pe ẹsẹ̀ inú Òdí:

Dì-í-kó-le,
Sìn-ín-mọ́ra,
Dákẹ́-sí-i-bí-ẹni-tí-ò-ní-nǹkan,
Àwọn ló dá fún Arìnnàjìn,
Ọmọ agbẹ́rù-ọ̀wọ́n-láàrin-èrò,
Níjọ́ tó ń re ìlú òkèèrè, tí àyà rẹ̀ ń já.

Ó ní kí Àwẹ̀ró rú ẹyẹlé méjì, obì àti oyin. Ó tún nawọ́ sí báàgì aláwọ pupa tí Àwẹ̀ró fi kọ́ apá, ó ní ìyẹn náà wà lára ẹbọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn ni báàgì yẹn. Irin ẹnu rẹ̀ ń dán bíi góòlù. "Ìyá, ṣé n kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀ ni?"

"Ohun tó ń dán ni wọ́n ń tẹ̀lé. Báàgì lo fẹ́ gbé dé ọ̀hún ni, àbí ojú ọmọ?"

Àwẹ̀ró bọ́ ọ kúrò ní apá, ó gbé e sílẹ̀.

Ìyá wá ṣe àlàyé yòókù fún un. Kó rán tòbí, èyí tí àwọn ìyá àgbà máa ń ró sábẹ́ ìró, kó sì fi àpò sí i nínú níbi tó bá a ní ikùn. Kó fi ọ̀rá wé ìwé méjèèjì àti owó ìṣègùn, kó dì wọ́n síbẹ̀, kó ró ìró lé e, kó wá fi ọ̀já ọmọ gbá gbogbo rẹ̀. Owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ nìkan ni kó wà níta. Bí wọ́n bá ń sún mọ́ ibodè, kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin, kó yọ ìwé. Bó bá ti kọjá, kó tún wá ibi kọ́lọ́fín dá a padà. "Èèwọ̀ rẹ nìyí. Láàrin èrò, ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ ya ibẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí àyà rẹ bá já, ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ ni kó o dì mú."

Lẹ́yìn èyí ló kọjú sí Láòyè. "Kóòtù tó wà lọ́rùn rẹ yìí ni ẹbọ tìrẹ."

Láòyè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wù tí mo rán nítorí Àbíjàn? Ìyá, kí n wá wọ̀lú bí ẹni tó sá kúrò lóko? Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa ró tòbí. Ó fẹ́ di ìyá arúgbó kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ. Èmi, ọmọ ìgboro ni mí. Gbéwiri wo ni yóò ti ọwọ́ bọ àpò àyà mi tí n kò ní mọ̀?"

"Mo gbọ́, ọmọ ìgboro," ni Ìyá wí.

Àwẹ̀ró rúbọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbéra.

Ibodè àkọ́kọ́ kọjá, ìkejì kọjá. Ní gbogbo ọ̀nà, ọwọ́ Àwẹ̀ró ń yún un. Ìró náà a fẹ́ ṣe é bí ẹni pé ó tú. Ọkàn rẹ̀ a ní ọ̀rá ti yọ̀, ìwé ti jábọ́ sórí ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró a na ọwọ́ sẹ́yìn, a di ẹsẹ̀ Bùsúyì mú, a máa ka ọmọ ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ibodè kejì, táyà bẹ́. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan tó kún fọ́fọ́. Wọn kò tíì dúró pẹ́ tí ọkùnrin kan fi figbe ta, ní Yorùbá, ó sì tún un pè ní Faransé: "Gbéwiri ti wọ àárín wa o! Wọ́n ti já owó ìyá kan gbà! Ẹ wo àpò yín, ẹ wo àpò yín!"

Gbogbo ọwọ́ ló sáré lọ sí ara. Ẹlòmíràn lu ìdí, ẹlòmíràn di ìtẹ̀lẹ̀dí mú, ẹlòmíràn wo inú bàtà. Láòyè fọwọ́ lu àyà rẹ̀ lósì, ó bá a, ó sì mí kanlẹ̀. Ọwọ́ Àwẹ̀ró náà ti gbéra. Ó ti dé ìtòsí ikùn kó tó rántí. Òógùn bò ó. Ó yí ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi ké. Obìnrin kan tó dúró tì í wo ọwọ́ rẹ̀ síbi tó lọ, ó ṣu ẹnu jọ, ó yí ojú sí ibòmíràn.

Èrò ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Nígbà tí ibẹ̀ fi rọlẹ̀, wọ́n ti fi abẹ la àpò ọ̀rá tí Àwẹ̀ró gbé dání. Ìtẹ́dìí ọmọ tó ti tutù méjì ni wọ́n rí kó.

Ní ibodè kẹta ni Láòyè ti ọwọ́ bọ inú kóòtù láti mú ìwé, tí ìka rẹ̀ yọ jáde ní ìsàlẹ̀. Abẹ ti la aṣọ inú rẹ̀ gbọọrọ. Ìwé kò sí, owó kò sí.

Dẹ́rẹ́bà mi orí. "Ẹni tó ń pariwo gbéwiri yẹn, ọ̀gá wọn ni. Ó kàn fẹ́ kí ẹ fọwọ́ júwe ibi tí owó wà fún wọn ni."

Láòyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyàwó, jẹ́ ká padà sílé. O ò gbọ́ Faransé, o ò mọ ọ̀nà. Kò yẹ kó o dá lọ."

Ohun gbogbo tó ba Àwẹ̀ró lẹ́rù látilé ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, òun nìkan sì ni yóò kojú rẹ̀. Ó kó èyí tó pọ̀ nínú owó ọwọ́ rẹ̀ fún Láòyè kó fi wọkọ̀ padà.

"Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ọjọ́ dókítà kò ní dúró dè wá."

Ó fi ìwé méjèèjì han àwọn aṣọ́bodè, ó gba ontẹ̀, ó kọjá, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibodè kẹrin. Ó ku ọjọ́ kan sí ọjọ́ tí dókítà dá nígbà tí ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Àbíjàn. Inú yàrá ọkọ rẹ̀ ló ti tú tòbí. Kò sí ohun tó dín. Níbẹ̀ ló ti wá sunkún.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú Bùsúyì, ó wo iná, ó wo aṣọ dókítà. Yẹtí ìyá rẹ̀ ń mì. Ó fi ojú tẹ̀ lé e díẹ̀, ó sì nawọ́, ó gbá a mú, kò jẹ́ fi í sílẹ̀.

Oṣù mọ́kànlá ni Láòyè fi wá ìwé ìrìnnà mìíràn. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀ níbi ìlagi. Ó padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí, ó ní òun kábàámọ̀.

"Ẹyẹlé mélòó lo mú wá?" ni Ìyá bi í.

Báyìí ni Òdí wí, báyìí ló sì rí. Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Ó gbọ́ èèwọ̀, ó pa á mọ́ tòun ti ìbẹ̀rù. Ojú ọmọ rẹ̀ là, ilé rẹ̀ sì tòrò. Láòyè gbọ́ ẹbọ, ó fi í rẹ́rìn-ín; àbámọ̀ ló kó délé.