Òpó tí Akínrógun Fà Tu

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ọ̀nà lọ, Ìdógbayé ni olú-ìlú tí gbogbo agbègbè rẹ̀ ń wárí fún. Ohun méjì ni àlejò máa ń béèrè láti rí níbẹ̀: odi amọ̀ tí ó yí ìlú ká, àti òpó ìrókò kan ní ìloro ààfin. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òpó náà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń lé, tí ó bá sáré dì mọ́ ọn, ọwọ́ ènìyàn kankan kò gbọdọ̀ kàn án títí ọba yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Akínrógun ni Balógun ìlú náà: Akínrógun, òjò ọ̀sán tí í tú àgbẹ̀ ká lóko, géńdé tí í gbé ẹṣin kọjá odò bí ìyá ti í pọn ọmọ. Òun ni ó kó ìlú jọ láti mọ odi. Àlàdé, àgbà mọlémọlé, sì ń darí iṣẹ́. Bí ẹ kò bá tíì rí bí a ti ń fi amọ̀ mọ ògiri, ẹ gbọ́: ìpele kan ni a ń mọ, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n Akínrógun fẹ́ kí odi parí kí àwọn ọba àdúgbò tó wá ṣọdún.

Àlàdé ní, "Balógun, apá ìwọ̀-oòrùn ṣì tutù."

"Ṣé ìyàwó ojú ọ̀nà ni odi, tí a ó máa tọ́jú ojú rẹ̀? Ẹ gbé e lé e."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e lé e.

Ní ọdún kejì ogun dé, apá ìwọ̀-oòrùn wó, ọ̀tá sì gba ibẹ̀ wọlé. Akínrógun lé wọn padà, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kú síbẹ̀. Nígbà tí ìlú béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi, Akínrógun ní Àlàdé ni ó ta odi fún ọ̀tá. Àlàdé sáré lọ dì mọ́ òpó.

"Ọ̀la ni n ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀," ni ọba wí. "Akínrógun, o mọ òfin. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kàn án."

Akínrógun mọ ohun tí Àlàdé yóò sọ lọ́la. Ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ọwọ́ mi kò ní kàn án."

Ó dìde, ó gbá òpó mọ́ra, ó mì ín, ó fà á tu tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì gbé e lé èjìká pẹ̀lú ọkùnrin tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ìlú hó yèè, nítorí ojú kò rí irú agbára bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí ó ń gbé e lọ.

Àlàdé ìbá bẹ́ sílẹ̀ kí ó sá. Ṣùgbọ́n ó gbà pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì di òpó mú, ibi kan kò lè ṣe òun. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí etí Balógun.

"Bàbá, mo sọ fún yín pé ó ṣì tutù."

"Mo gbọ́," ni Akínrógun dáhùn.

Lẹ́yìn ẹnu bodè, níbi tí òfin ààfin kò dé, ó sọ òpó kalẹ̀, ó sì pa Àlàdé.

Àwọn akéwì bẹ̀rẹ̀ sí í ki Akínrógun ní Afòpótu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Oríkì náà ń gún un lára bí ẹ̀gún. Kò pẹ́, ó gbé òpó padà sí ààyè rẹ̀, ó sì wólẹ̀ níwájú ọba.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé amọ̀ lé amọ̀ tútù. Àlàdé kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹ pa mí."

Ọba ní, "Ikú á tètè fún ọ ní ìsinmi jù. Odi ṣì là sílẹ̀. Lọ fi ọwọ́ ara rẹ mọ ọ́n, bí Àlàdé ti wí."

Akínrógun po amọ̀, ó mọ ìpele kan, ó jókòó tì í. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ a wá bá a.

"Bàbá, ó ti gbẹ."

Akínrógun a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, a sì mi orí. "Kò tíì gbẹ."

Oòrùn a ràn títí, amọ̀ a le bí àpáta, síbẹ̀ ọwọ́ Akínrógun kò yéé mọ ọ̀rinrin lára rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe darúgbó sídìí ògiri náà, tí ó fi kú, tí odi kò sì ju àyà ènìyàn lọ. Ìlú kò mọ ọ́n kún un mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Odi Àlàdé.

Àlejò tí ó bá dé Ìdógbayé, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú un lọ. Yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, yóò sì wí fún arúgbó tí kò sí níbẹ̀ mọ́ pé, "Bàbá, ó ti gbẹ."