Eyín Díákónì Nínú Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Díákónì Ládéìndé ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó lọ kí Ìbídùn ló tó yé e.

Ọmọ opó kan ní abúlé Ìdí-Òro ni Ìbídùn. Díákónì ló ń rán an nílé ìwé nípasẹ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, a ò mọ ohun tí a ó fi san oore yín."

Díákónì rẹ́rìn-ín. "Kí ni ọmọ kékeré lè ṣe fún mi? Ọlọ́run ni yóò san án."

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò dúró de ife, ó gbé kèrègbè omi sẹ́nu. Omi pá a lórí, ó húkọ́, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sì bọ́ sínú kèrègbè. Wọ́n da omi nù, eyín dábùú, kò jáde. Ìka méjì péré ni Díákónì rí kì bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwàásù ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìbídùn gbé òkúta, ó fẹ́ fọ́ kèrègbè.

"Ẹ má họ́ ọ," ni Díákónì wí, nítorí kò sí eyín tí yóò fi pe "fọ́" mọ́.

Ìbídùn rọra ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó yí eyín náà nínàró, ó sì fà á yọ. Ó fọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Díákónì.

Díákónì mú Ìbídùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ní kí ó gbàdúrà fún olóore rẹ̀. Ó dijú.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́ fún bàbá tó ń rán mi nílé ìwé. Jọ̀wọ́, bá wọn di eyín wọn mú."

Díákónì ló kọ́kọ́ ṣe Àmín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó tó rẹ́rìn-ín.