Ariwo Iwájú Kọ́ Ní Í Yí Táyà Ẹ̀yìn

Òwe kan wà tí wọ́n ń pa ní Òkè-Àgbẹ̀dẹ: "Ariwo iwájú kọ́ ní í yí táyà ẹ̀yìn." Bí ọkọ ìyàwó bá ń ra léèsì nígbà tí òrùlé rẹ̀ ń jò, wọ́n á pa á fún un. Bí ènìyàn bá mọ ẹnu í lò ní ìpàdé tí kò sì mọ ilé í gbá, wọ́n á pa á fún un. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á kàn máa wojú wọn ni. Ariwo wo? Táyà ta ni? Ta ló so ariwo mọ́ táyà? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Òwe náà kò tíì hu irun àgbọ̀n. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń mumi.

Ìlú onírin ni Òkè-Àgbẹ̀dẹ. Àwọn baba wọn rọ ọkọ́, wọ́n rọ àdá. Àwọn ọmọ ń tún mọ́tò ṣe. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ijó mọ́tò. Pápá pupa kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é. Awakọ̀ á sá wọ inú pápá, á já sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀, ìdí mọ́tò á sì yọ̀ kúrò lọ́nà, á máa gbálẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹja àrọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ojú mọ́tò á kọ síbi kan, ara rẹ̀ á máa lọ síbòmíràn, síbẹ̀ kò ní í dojú dé. Eruku á bo tọmọdé tàgbà, inú wọn á máa dùn. Fìdígbálẹ̀ ni wọ́n ń pe ijó náà.

Àṣà kan wá wà nídìí ẹ̀. Kí mọ́tò tó wọ pápá, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí gbogbo ìlú rí ẹ́ńjìnnì. Á tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á bú, àwọn obìnrin á sì dá orin fún un:

Ṣí i ká rí i, ọmọ onírin,
Ṣí i ká gbọ́ bó ṣe ń ké,
Kìnnìún ń bẹ nínú àpótí,
Ṣí i, má fi pa mọ́ fún wa.

Orin yìí dùn. Ó dùn débi pé gbogbo ọgbọ́n àwọn awakọ̀ ìlú náà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń parí sí. Ta ni yóò dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀ láti wo abẹ́ mọ́tò? Kò sẹ́ni tó ń kọrin fún ibẹ̀.

Láyíwọlá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rẹ́ kan wà tí wọ́n jọ dàgbà, Jọláadé lorúkọ ẹ̀. Jọláadé yìí ló ra mọ́tò kúkúrú kan, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe fún eré sísá. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa fi jó lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ijó mọ́tò. Àìsàn kò jẹ́ kó dé ọjọ́ náà. Wọ́n sin ín, mọ́tò sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò títí adìyẹ fi ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá olóògbé ránṣẹ́ pe Láyíwọlá, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Gbogbo ènìyàn ní kí n tà á," ó ní. "Èmi ò tà á. Ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi hàn mí ni mo fẹ́ rí. Ṣé wàá lè bá mi mú un jó?"

"Ìyá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Bí ijó mọ́tò bá dé, ẹ̀yin lẹ ó jókòó níwájú."

Láti ọjọ́ náà, Láyíwọlá kò ro nǹkan mìíràn mọ́. Ó ń rí i lójú inú bí àwọn obìnrin yóò ṣe dárúkọ Jọláadé nínú orin tí ìyá yóò sì gbọ́ ọ. Ó yọ ẹ́ńjìnnì kékeré tó bá mọ́tò wá, ó wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ńlá kan tí wọ́n yọ lára mọ́tò tó tóbi jù ú lọ, ó sì pe Múfú kí wọ́n jọ gbé e wọ inú mọ́tò. Múfú Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí ẹ̀yìn mọ́tò ló mọ̀ ọ́n tún ṣe jù.

"Láyí, o di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé," Múfú wí.

"Ẹṣin náà ni wọ́n ń kọrin fún."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin yìí, ẹ̀yìn ló ń lọ. Á gba ọ̀pá gígùn abẹ́ mọ́tò dé inú dífù, ìkòkò gíà tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ̀pá méjì ló sì ń ti ibẹ̀ yí táyà. Ọ̀pá mọ́tò yìí tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ìyàwó mi."

"Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ pé o ń fi òun wé irin?"

"Kò mọ̀. Má sọ fún un. Jẹ́ ká tún ẹ̀yìn ṣe kọ́kọ́."

"Ọjọ́ ti lọ, Múfú. Bí wọ́n bá sì ń kọrin, màá ní kí wọ́n fi orúkọ tìẹ náà sí i."

Múfú rẹ́rìn-ín, ó gbé sípánà. Ẹ̀yìn tó ń sọ, kò sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ pé. Ìyá Jọláadé jókòó níwájú lóòótọ́, nínú ìró tí ọmọ rẹ̀ rà fún un kẹ́yìn. Láyíwọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì bú débi pé àwọn ewúrẹ́ já okùn. Àwọn obìnrin dá orin, wọ́n dárúkọ Jọláadé, ìyá sì ń mi orí, omijé ń bọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Láyíwọlá ní nínú ara ẹ̀ pé, ọ̀rẹ́ mi, ṣé ò ń gbọ́.

Ó wọ pápá. Ó já sítíárìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ̀ ni nǹkan dún gbàù lábẹ́. Mọ́tò dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì ké ju ti àkọ́kọ́ lọ, mọ́tò kò mira. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn èwe kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ìyá tó dìde lórí àga, ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìyá rìn wọ inú pápá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láyíwọlá kò lè sọ̀ kalẹ̀, kò sì lè wojú ẹ̀. Ìyá yí mọ́tò ká, ó wo táyà ẹ̀yìn tó dúró bí òkúta, ó padà wá sẹ́bàá fèrèsé.

"Láyíwọlá, kí ló ń pariwo báyìí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Ìyá."

"Níbo ló wà?"

"Iwájú ni."

"Èyí tó yẹ kó yí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ni, mà."

"Pa á, ọmọ mi."

Ó pa á. Gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìyá sọ tẹ̀ lé e.

"Ṣé o rí i, ariwo iwájú kọ́ ní í yí táyà ẹ̀yìn. Sọ̀ kalẹ̀. O ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ó mú un lọ́wọ́ lọ sílé, ó sì bu oúnjẹ fún un. Láyíwọlá jẹ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú.

Nígbà tí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, wọ́n rí i pé ọ̀pá ẹ̀yìn kan ti ṣẹ́ bí ìrèké. Láyíwọlá ní òun máa lọ wá èyí tó nípọn.

"Ọ̀pá nìkan kọ́," Múfú wí. Ó ń wolẹ̀. "Bí o bá mú ọ̀pá le, agbára yẹn á wá ẹni tó kàn lọ. Mo mọ gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Láyí. Orin tó o ní wọ́n máa fi orúkọ mi sí ló pa mí lẹ́nu mọ́."

"Èmi ni mo fi orin bọ́ ẹ yó. Dùbúlẹ̀ ká ṣiṣẹ́."

Wọ́n dùbúlẹ̀. Ọ̀pá tó nípọn láti ara mọ́tò tó ju tiwọn lọ, wọ́n fi dípò méjèèjì. Wọ́n tú dífù: àwọn gíà kéékèèké inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kí táyà kan sáré kí èkejì máa ṣọ̀lẹ, wọ́n fi iná jó wọn pọ̀ kí táyà méjèèjì lè máa yí papọ̀. Rọ́bà tó di dífù mú ti rọ̀ bíi pọ̀nmọ́. Wọ́n fi èyí tó le rọ́pò ẹ̀. Páànù abẹ́ mọ́tò níbi tí gbogbo ẹ̀ so rọ̀ sí ti ń ya bí aṣọ gbígbó, wọ́n gé irin pẹlẹbẹ lé e, wọ́n jó o mọ́ ọn pinpin.

Ìyá a máa gbé èkuru wá bá wọn níbẹ̀. Á jókòó sórí táyà, á máa bi wọ́n léèrè pé kí lèyí ń ṣe, kí lèyí ń dì mú. Bí wọ́n bá ti dáhùn, á sọ ọ́ dorin:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ìsàlẹ̀,
Ẹ̀yin tójú ò rí, tẹ́nu ò kì,
Ẹ di ara yín mú fún mi,
Ọmọ mi fẹ́ bá yín jó.

Àwọn ọkùnrin méjì tí gíríìsì bò lójú a sì máa gbè é lábẹ́ mọ́tò.

Wọn kò dúró de ọdún tó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ gbẹ, Láyíwọlá gbé ìyá lọ sí pápá. Kò sí èrò, kò sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá dúró láàrin pápá, Múfú dúró tì í. Láyíwọlá fi mọ́tò sá wọ inú pápá, ó já sítíárìn. Ìdí mọ́tò yọ̀. Kò sí ohun tó dún gbàù. Mọ́tò gbálẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó gbá a bọ̀ sósì, ó yí ìyá ká pòòyì, eruku pupa dìde, Múfú ń pàtẹ́wọ́ nínú rẹ̀ bí ọmọdé.

Nígbà tí mọ́tò dúró tí eruku rọlẹ̀, ìyá ṣì dúró lójú kan. Eruku ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Láyíwọlá rò pé òun ti tún ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìyá tú gèlè, ó gbọn ọ́n, ó tún un wé kó dì dáadáa. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó ti Láyíwọlá.

"Èyí tí ọmọ mi fẹ́ fi hàn mí, mo ti rí i," ó ní. "Ó yá, gbé èmi náà jó."

Torí náà, bí ará Òkè-Àgbẹ̀dẹ bá pa á fún yín, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò fi ṣe yẹ̀yẹ́; ó fi fa ọmọ ẹlẹ́kún lọ́wọ́ lọ sídìí oúnjẹ ni. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ wo abẹ́, ẹ tún un ṣe, nítorí ariwo iwájú kọ́ ní í yí táyà ẹ̀yìn.